Ọ̀sẹ̀ Mẹ́jọ Láìjẹun ní Gíláásígò

Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi ní Ìkòròdú pé màá lọ sí òkè òkun lọ máa gbé ìgbẹ́ ara mi wọ bọ́ọ̀sì, nínú ike kékeré tó ní ìdérí búlúù, màá ti bá a jà. Ohun tí mo rò ni pé màá máa wọ kóòtù gígùn, màá máa gbé báàgì aláwọ dání. Mo wọ kóòtù náà lóòótọ́. Báàgì náà wà. Ohun tó wà nínú báàgì nìkan ni mi ò rò tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ọlọ́gbọ́n ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Mo jáde sẹ́kọ́ndìrì ní Ìkòròdú, mo jókòó ṣe Jáàmbù lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejèèjì láìsí ojúsàájú. Bàbá mi ti kú. Màmá mi ń ránṣọ níwájú ilé wa, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ Benson. Àbúrò màmi kan, Àǹtí Rísì, tí wọ́n jọ dàgbà ní Ẹ̀pẹ́, ti wà ní Gíláásígò tipẹ́, ó ń gbálẹ̀ nílé ìwé kan. Òun ló ní kí n máa bọ̀. Bí mo ṣe rí ìwé àti bí mo ṣe wọ bàálù, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Mo dé.

Mo ní C nínú Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ti fi C yẹn yangàn lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Lọ́jọ́ kejì, awakọ̀ bọ́ọ̀sì bi mí ní nǹkan kan, mi ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Mo ní yẹ́sà. Ó tún un bi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyá arúgbó kan tó wà lẹ́yìn mi ló rọra tì mí wọlé.

Ìyẹn tiẹ̀ dáa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo pàdé bàbá kan lórí àtẹ̀gùn ilé wa, irun orí wọn funfun báláú. Kí n tó mọ̀, mo ti na ọwọ́ kan kanlẹ̀, mo ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Bàbá rò pé nǹkan mi ló já bọ́. Àwọn náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń bá mi wá a. Àwa méjèèjì wo ilẹ̀ títí. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ pé ẹ kú àárọ̀ ni mò ń sọ. Nígbà tó yá mo ṣe bí ẹni pé mo ti rí i, mo ki ọwọ́ òfìfo bọ àpò, mo dúpẹ́.

Iṣẹ́ tí mo rí ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe sáńwíìsì. Búrẹ́dì á máa gba iwájú mi kọjá lórí bẹ́líìtì, èmi á máa to ẹyin sísè sórí ẹ̀, gígé mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti àárọ̀ di ọ̀sán. Wọ́n fi fìlà náílọ́ọ̀nù bo orí mi. Tí mo bá wo ara mi nínú dígí, mo máa ń dà bí ẹni tó fẹ́ wẹ̀ tó gbàgbé omi.

Kí n tó lo ọdún kan ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mi. Kì í ṣe inú rírun téèyàn máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Mo máa fi bẹ́líìtì ẹyin sílẹ̀ sáré lọ sí ilé ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún kí ọ̀sán tó pọ́n, mo sì ń rí ẹ̀jẹ̀. Àǹtí Rísì ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé tíì oníṣúgà tí mò ń mu ló fà á. Ó po nǹkan kíkorò fún mi. Mo mu ún, mo tún sáré lọ. Ṣòkòtò tí mo wọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ nídìí mi.

Ní ọsibítù, wọ́n fi kámẹ́rà tó wà lẹ́nu okùn wò mí láti ibi tí mi ò lè dárúkọ. Wọ́n ní Króònù ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Ara mi ló ń bá ìfun mi jà. Ìfun ń wú, ó ń degbò, ibì kan sì wà níbẹ̀ tó ti ń fún pọ̀. Wọ́n bi mí bóyá ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wa ní irú ẹ̀. Mo ní jẹ̀díjẹ̀dí nìkan la ní.

Oògùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì wú. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sílé. Màmi gbé fọ́tò náà kiri àdúgbò, ó ní ẹ wá wò ó, òyìnbó ń tọ́jú ọmọ òun. Inú ò sì san. Dókítà wá ní ọ̀nà méjì ló kù. Kí n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ mu mílíkì kan tí wọ́n ṣe fún irú wa, kí n má fi nǹkan mìíràn sẹ́nu. Tí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á là mí nínú, wọ́n á gé ibi tó ti bàjẹ́ nínú ìfun mi kúrò. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí. Mo ní mílíkì, ẹ jọ̀ọ́ sà.

Ẹni tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ ni Mọ́rági. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ aláìsàn ni iṣẹ́ ẹ̀, á sì tó màmi lọ́jọ́ orí. Ó ní kí n ṣáà máa pe òun ní Mọ́rági. Ẹnu mi ò gbà á. Mo pè é ní Àǹtí Mọ́rági. Ó ní òun kì í ṣe àǹtí mi. Mo ní mo mọ̀, Àǹtí Mọ́rági. Ó jọ̀gọ̀ nù.

Òun ló ṣàlàyé pé kòkòrò tí ojú ò lè rí ló kún ìfun èèyàn, wọ́n pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ọ̀pọ̀ wọn ò sì ní ibi nínú. Wọ́n ń bá wa ṣiṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú irú àìsàn tèmi, àárín àwọn àti ara ti dàrú. Mo ní ó yé mi, ó dà bí ilé oníyàrá mẹ́wàá ọ̀dọ̀ wa, tí yàrá kọjú sí yàrá, tí gbogbo ayálégbé ń bá lánlọ́ọ̀dù jà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ohun tí mo bá jẹ ni àwọn ayálégbé yẹn náà ń jẹ, nítorí náà tí oúnjẹ bá yí padà, àwọn tó ń gbébẹ̀ á yí padà. Ó tún ní kò tíì sẹ́ni tó mọ bí mílíkì náà ṣe ń wo egbò ìfun sàn gan-an. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba ìgbẹ́ àwa tí à ń mu ún, wọ́n fẹ́ ka àwọn ayálégbé. Mo fọwọ́ síwèé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa ní òun fẹ́ fi nǹkan tó ti ọ̀dọ̀ mi wá kọ́ ẹ̀kọ́.

Báyìí, ẹ gbọ́ ìwà òmùgọ̀ tí mo hù.

Mílíkì náà wá nínú ìgò kékeré láti ilé oògùn, ìgò mẹ́jọ lójúmọ́, orúkọ mi sì wà lára páálí. Ní Ìkòròdú, tí orúkọ ẹ bá ti wà lára nǹkan tí wọ́n fún ẹ nílé oògùn, oògùn ni. Oògùn sì ní òfin kan tí màmi ti fi kọ́ mi kí n tó mọ a-b-d: èèyàn kì í lo oògùn sí inú òfìfo. Ọkùnrin tó ń ta oògùn ní Benson, kó tó fún ẹ ní ti ibà, ohun tó máa kọ́kọ́ bi ẹ́ ni bóyá o ti jẹun.

Àǹtí Mọ́rági ti sọ pé mi ò gbọdọ̀ jẹun. Mo gbọ́ ọ. Ohun tí mo gbọ́ ni pé kí n má jẹun gidi, àwo kíkún, òkèlè tó tó ìkúùkù. Òkèlè mẹ́ta péré, kéèyàn fi tẹ́ inú sílẹ̀ fún oògùn, ìyẹn ò lè jẹ́ oúnjẹ. Mo sọ ọ́ fún Àǹtí Rísì, ó ní mo gbọ́n. Ó ní ṣé wọ́n fẹ́ kí oògùn lu ìfun mi já ni? Òun fúnra ẹ̀ ló ń tẹ ẹ̀bà kékeré sí àwo fún mi, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tí ata rodo inú ẹ̀ lè jí òkú. Òkèlè mẹ́ta, mílíkì kan. Òkèlè mẹ́ta, mílíkì kan. Ìgò mẹ́jọ, òkèlè mẹ́rìnlélógún. Ẹni tó ń jẹ òkèlè mẹ́rìnlélógún lójúmọ́ tó ní òun ò jẹun, ṣé ẹ rí ìdí tí mo fi gba F nínú mátíìsì?

Gbogbo ọjọ́ Sunday ni mò ń pe ilé. Ohun tí màmi máa ń kọ́kọ́ bi mí kì í yí padà.

"Ṣé o ti jẹun?"

Màá ní mo ti jẹun mà. Lọ́jọ́ Monday, Àǹtí Mọ́rági á pè mí, á bi mí bóyá mò ń jẹ nǹkan kan. Màá ní rárá mà. Bí mo ṣe wà nìyẹn, láàárín ìyá méjì, irọ́ kan fún ẹnì kan, irọ́ kejì fún ẹnì kejì. Ti màmi gan-an ló wá sún mọ́ òótọ́ jù, nítorí mò ń jẹun lóòótọ́. Ohun tí mi ò sọ fún un ni pé ara mi ò yá rárá. Obìnrin tó ti fi fọ́tò ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi han gbogbo oníbàárà ẹ̀, báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́?

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo gbé ike mi wọ bọ́ọ̀sì. Ọmọ kékeré kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí ohun tó wà nínú báàgì. Mo ní oúnjẹ ọ̀sán mi. Ó ní kí n fún òun díẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ kí n tó dé ibi tí mò ń lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Àǹtí Mọ́rági ní kí n wá. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi fi hàn pé egbò náà ṣì wà bó ṣe wà. Ó ní àwọn tó kù tó ń mu mílíkì, tó bá ti tó àkókò yìí, àwọn kòkòrò inú ìgbẹ́ wọn á ti yàtọ̀ sí ti ìbẹ̀rẹ̀. Tèmi ò yàtọ̀. Ayálégbé kankan ò kó kúrò. Ó wá ní ẹni tó yẹ ìgbẹ́ mi wò rí nǹkan pẹlẹbẹ kéékèèké kan níbẹ̀, ó funfun ràkọ̀ràkọ̀, wọn ò mọ ohun tó jẹ́. Ó yà á sórí ìwé fún mi.

Mo wò ó. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

"Kóró ata rodo ni mà," mo ní.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí bí ata rodo ṣe débẹ̀. Mo ro ti irọ́, mi ò rí èyí tó bá ata rodo mu, ni mo bá jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀: òkèlè mẹ́ta, inú òfìfo, ọkùnrin tó ń ta oògùn ní Benson. Mo rò pé ó máa lé mi jáde. Ó kàn gbé ìjókòó ẹ̀ sún mọ́ mi.

"Èmi ni mi ò ṣàlàyé dáadáa," ó ní. "Kì í ṣe oògùn tó ń wọlé lẹ́yìn oúnjẹ. Òun gan-an ni oúnjẹ. Kò sí òmíràn."

Ó ní oníṣẹ́ abẹ ti ń bèèrè ọjọ́ tí wọ́n máa là mí. Òun máa bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gidi. Lẹ́yìn ìyẹn, òun ò ní lè bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo wọ bọ́ọ̀sì padà sílé pẹ̀lú ọwọ́ lórí ikùn, bí ẹni tó gbé ẹyin sínú aṣọ.

Nígbà tí mo sọ fún Àǹtí Rísì, inú bí i. Ó ní àbí òun ni òun ń fún mi ní májèlé jẹ? Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ kejì, mi ò gbóòórùn ọbẹ̀ nínú ilé yẹn mọ́. Mo rò pé ó ṣì ń bínú ni. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo fẹ́ wẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, nǹkan kan dí i nísàlẹ̀. Tówẹ̀lì ni wọ́n fi di abẹ́ ilẹ̀kùn. Àǹtí Rísì jókòó sí etí báàfù, àwo ẹ̀bà wà lórí orúnkún ẹ̀, fèrèsé ṣí sílẹ̀ nínú òtútù.

"Pa ilẹ̀kùn yẹn dé jàre," ó ní. "Ṣé èèyàn ò tún ní lè wẹ̀ mọ́ ni?"

Mo pa á dé. Mo mu ìgò mílíkì mi. Lọ́jọ́ kìíní tí mo mu ún láìsí òkèlè, mílíkì yẹn dùn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, bí ìgbà téèyàn ń mu àbẹ́là yíyọ́ ni. Níbi iṣẹ́, èmi àti ẹyin sísè ń wo ara wa láti àárọ̀ di ọ̀sán. Mo máa ń lá àlá ẹ̀bà. Kò sí ẹlòmíràn nínú àlá náà, ẹ̀bà nìkan ni.

Ẹnu mi ò sinmi irọ́ sí màmi. Ó ti wá di pé ó ń bi mí ohun tí mo jẹ, èmi náà sì ti di ọ̀gá: lónìí ẹ̀wà, lọ́la ìkókóré pẹ̀lú ẹja tútù. Sunday kan mo ní iyán ni Àǹtí Rísì gún fún mi.

"Rísì? Rísì tí kò gún iyán rí láti kékeré?" màmi ní. "Kí ló ń ṣe ẹ́?"

Mo sọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀, kámẹ́rà, ọ̀bẹ, mílíkì, ata rodo. Mo ń gbọ́ ìró máṣíìnì ìránṣọ lẹ́yìn ẹ̀, ó dúró. Ó bi mí pé ọ̀sẹ̀ mélòó. Mo ní mẹ́jọ, mo ti lo mẹ́ta. Ó ní ṣé wọn ò tiẹ̀ gbà kí n mu ẹ̀kọ? Mo ní rárá mà. Mo ń retí ẹkún.

"Nígbà tí mo bí ẹ," ó ní, "o jẹ ẹ̀bà lóṣù àkọ́kọ́?"

"Mi ò mọ̀ mà."

"Ọmú nìkan lo mu. O sì sanra débi tí wọ́n ń bi mí pé kí ni mo fi ń bọ́ ẹ. Mu mílíkì ẹ."

Láti ọjọ́ yẹn, kò bi mí mọ́ bóyá mo ti jẹun. Ohun tó ń bi mí ni bóyá mo ti mu. Ẹ ò lè mọ bí ìyẹn ṣe tó lọ́wọ́ ẹ̀. Kò sí bí èèyàn ṣe ń fi ìfẹ́ hàn nílé wa ju ìbéèrè yẹn lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí ní Ìkòròdú pé òun fẹ́ràn mi. Wọ́n kàn ń bi mí bóyá mo ti jẹun, ó sì yé mi. Ní Gíláásígò, wọ́n ń bi mí bóyá dáadáa ni mo wà, wọ́n á ti kọjá kí n tó lanu. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ń ronú pé tí mi ò bá lè dáhùn ìbéèrè ti màmi ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ ibo gan-an ni mo wá jẹ́?

Mo bi Àǹtí Mọ́rági bóyá àwọn kòkòrò tí mo kó ti Ìkòròdú wá ṣì wà nínú mi. Ó ní àwọn kan lè wà. Mo ní àwọn yẹn gbọ́n jù mí lọ, wọ́n wọ̀lú láìgba físà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, wọ́n ka àwọn ayálégbé, wọ́n ti yí padà gan-an. Mo rò pé àwọn rere ló kó wọlé. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Oríṣi wọn dín kù ni, kódà àwọn kan tí wọ́n ń pè ní rere wà nínú àwọn tó dín kù, síbẹ̀ egbò ń jiná. Mo bi í ìdí. Ó ní òun ò mọ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀ sí i lọ́jọ́ yẹn. Ọkùnrin Benson ò sọ rí pé òun ò mọ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pé, kámẹ́rà tún gba ibi tí mi ò lè dárúkọ wọlé. Egbò ti ń jiná, ibi tó fún pọ̀ ti ń là. Dókítà ní wọn ò ní là mí mọ́. Ó ní àìsàn náà kò lọ, ó sùn ni, kí n má pariwo. Wọ́n ní kí n máa padà jẹ oúnjẹ ní oríṣi kọ̀ọ̀kan, kí n sì máa mu ìgò mílíkì kan lójúmọ́.

Kí n sọ ti ìgbẹ́ tó kẹ́yìn níbí, kí n má baà fi ìgbẹ́ parí ọ̀rọ̀. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí mo padà sídìí oúnjẹ, wọ́n tún kà wọ́n. Ọ̀pọ̀ àwọn ayálégbé àkọ́kọ́ ti padà wá sí yàrá wọn. Àǹtí Mọ́rági ní ohun tí òun ń bẹ̀rù nìyẹn, pé kí n máa ṣọ́ra. Mo ń ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n mi ò lè purọ́, inú mi dùn díẹ̀ pé wọ́n mọ̀nà ilé.

Oúnjẹ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yẹn jẹ́ ìrẹsì funfun. Kò sí ata, kò sí ọbẹ̀. Àǹtí Rísì sè é ní kíṣíìnì fúnra ẹ̀, ó sì jókòó tì mí bí ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò. Mo jẹ ṣíbí mẹ́ta, mo dúró. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo pe ilé.

Ẹ̀pẹ́ ni màmi wà lọ́jọ́ yẹn, ó lọ ra ẹja, ariwo àwọn tó ń ná ọjà fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ohùn ẹ̀. Ó bi mí bóyá mo ti mu. Mo ní ẹ bi mí ní ti tẹ́lẹ̀ mà. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé e.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun mà."

"Kí lo jẹ?"

"Ìrẹsì funfun, ṣíbí mẹ́ta."

"Pẹ̀lú kí ni?"

"Pẹ̀lú iyọ̀ mà."

Mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹnì kan níbẹ̀ pé ọmọ òun ti jẹun. Ó gbé fóònù padà sétí.

"Ó dáa," ó ní. "O ti fi nǹkan sínú. Lọ lo oògùn ẹ."

Mo mú ìgò mílíkì mi, mo ṣí i, mo mu ún.